Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Pààrọ̀ Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Yín?

Bí ẹ bá bi mẹkáníìkì mẹ́ta léèrè pé kìlómítà mélòó ló yẹ kí ọkọ̀ rìn kí ẹ tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ gba èsì mẹ́ta. Ọ̀kan á ní 5,000, èkejì á ní 10,000, ẹ̀kẹta á ní kí ẹ ṣáà máa ka oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Wọn ò kàn sọ irú ọkọ̀, irú ọ́ìlì àti irú ìwakọ̀ tí nọ́ńbà tí wọ́n dá yẹn wà fún ni. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, a ó wá nọ́ńbà tó bá ọkọ̀ tiyín mu, a ó sì rí bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ ọ́ìlì náà fúnra yín, tàbí bí ẹ ṣe lè ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó ń bá yín pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń kánjú, èsì kúkúrú rèé. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ bẹntiróòlù tí kò tíì gbó jù, tó ń lo ọ́ìlì tí wọ́n kọ fully synthetic sí lára (ìyẹn èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣètò), ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti rin 8,000 sí 10,000 kìlómítà, tàbí bí ọdún kan bá pé, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì mineral, ìyẹn èyí tí wọ́n sẹ́ láti inú epo rọ̀bì, 5,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà. Bí ìlò ọkọ̀ náà bá le (màá ṣàlàyé ohun tí mo pè ní líle), 5,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà náà ni, kódà bó jẹ́ synthetic lẹ ń rọ sí i. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ pé kí ó má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ "èyí tó bá kọ́kọ́ dé" yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá. Wọ́n á máa wo kìlómítà, wọn ò ní wo kàlẹ́ńdà.

Kí ló ń ba ọ́ìlì jẹ́?

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí nígbà kan pé, "Ṣé ọ́ìlì máa ń gbó ni? Ṣebí inú irin ló wà, oòrùn ò pa á, òjò ò rọ̀ sí i." Ìbéèrè tó dáa ni. Ọ́ìlì fúnra rẹ̀ kì í tètè gbó. Àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń tán, ìdọ̀tí tó ń bọ́ sínú rẹ̀ ló sì ń pọ̀ sí i.

Iṣẹ́ ọ́ìlì ju pé kí irin máa yọ̀ lórí irin lọ. Ó ń gbé ooru kúrò lábẹ́ písítìn. Ó ń dí àlàfo bíńtín tó wà láàárín ríǹgì àti ògiri sílíńdà kí agbára má bàa jò síbẹ̀. Ó ń fọ èédú kúrò lára irin, ó sì ń gbé e kiri kó má bàa dì sójú kan. Ó tún ń pa agbára ásíìdì tó ń ti ara epo tó jó wá. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, pàápàá fífọ èédú àti pípa ásíìdì, ọwọ́ èròjà àfikún ló wà, bí èròjà náà sì ti ń ṣiṣẹ́ ló ń tán lọ. Ọ́ìlì tí èròjà rẹ̀ ti tán ṣì lè máa dán, kó sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí fífi ìka pa á wò kò fi tó láti mọ̀ bóyá ó ṣì wúlò.

Omi wá ni ọ̀tá tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Bí lítà bẹntiróòlù kan bá jó, omi tó ń ti inú rẹ̀ jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á bá èéfín jáde gẹ́gẹ́ bí ooru omi, àmọ́ díẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì bọ́ sínú ọ́ìlì, òun àti bẹntiróòlù tí kò jó tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi àti bẹntiróòlù yẹn á gbẹ kúrò. Bí ẹ bá pa á kí ó tó gbóná, wọ́n á dúró síbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí géèjì ooru orí dáṣíbọ́ọ̀dù tàn yín o: omi radíétọ̀ ni ó ń wọ̀n. Ọ́ìlì máa ń pẹ́ ju omi radíétọ̀ lọ kí ó tó gbóná tán, ó lè gbà á ní ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Ooru àpọ̀jù náà ní tirẹ̀. Ọ́ìlì tó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lóòrèkóòrè á máa ki, títí á fi di ẹrẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ara irin, tó ń dí àwọn ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà gòkè. Ẹ́ńjìnnì òde òní ò lè fara da ìyẹn bíi ti àtijọ́, torí ihò wọn kéré púpọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ rántí pé ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ bí ìrì sì ni ohun kan ṣoṣo tó gbé e dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣí ìwé tó bá ọkọ̀ wá

Ìwé yẹn sábà máa ń wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀, eruku á ti bò ó. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá orúkọ ọkọ̀ yín, ọdún tí wọ́n ṣe é àti irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ló gbé ìwé náà síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan mẹ́rin lẹ ń wá: iye kìlómítà àti oṣù, nínípọn ọ́ìlì, ìpele tó gbọ́dọ̀ dé, àti iye lítà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin sábà máa ń gba lítà mẹ́ta ààbọ̀ sí márùn-ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: kì í ṣe àtẹ kan ló sábà máa ń wà nínú ìwé náà, méjì ni. Ọ̀kan wà fún ìlò tó rọrùn, èkejì wà fún ìlò tó le. Ẹ wo àpẹẹrẹ Toyota ní Amẹ́ríkà: fún àwọn ẹ́ńjìnnì wọn tó ń lo ọ́ìlì synthetic 0W-20, 10,000 máìlì tàbí oṣù 12 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìlò tó rọrùn, ìyẹn nǹkan bí 16,000 kìlómítà. Fún ìlò tó le, 5,000 máìlì tàbí oṣù mẹ́fà. Ìdajì géérégé. Ẹni tó bá ka ojú ìwé kan ṣoṣo á máa fi ìlọ́po méjì lo ọ́ìlì rẹ̀, á sì máa búra pé ìwé ló ní kí òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ àlòkù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ pa ìwé tì ná. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ kíka láti òdo. Mo ti ra ọkọ̀ kan rí tí wọ́n lẹ ìwé pélébé mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ní 2,000 kìlómítà sẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, ẹrẹ̀ dúdú ló dì sábẹ́ rẹ̀ bí ọ̀dà. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba ìwé pélébé ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ òótọ́ nípa bí ẹ ṣe ń lo ọkọ̀

Kí ni ìlò tó le? Bí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí bá jẹ́ ìṣe ojoojúmọ́ yín, inú rẹ̀ lẹ wà: ìrìn kúkúrú tí kò tó kìlómítà mẹ́jọ ní ìrìn kan, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, tàbí kí ọkọ̀ máa dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà eléruku tàbí ẹlẹ́rẹ̀, ẹrù wúwo tàbí fífa nǹkan, ojú ọjọ́ tó gbóná gan-an tàbí tó tutù gan-an, tákísí àti ọkọ̀ akérò.

Àwọn tí wọ́n kọ àtẹ yìí lo ọ̀rọ̀ bíi "ìlò pàtàkì" bí ẹni pé èèyàn díẹ̀ ló kàn. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ wa tó ń wakọ̀ láàárín ìlú ló wà nínú rẹ̀, kódà bí ọkọ̀ wa bá mọ́ tónítóní tí a ò sì sáré rí. Ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn lórí ọ̀nà dídán, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbóná tán tó sì ń yí jẹ́jẹ́, òun gan-an ni ìlò rẹ̀ rọrùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ara gálọ́ọ̀nù

Nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú, bíi 5W-30, nínípọn ọ́ìlì ló ń sọ. SAE, àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, ló ṣètò ìwọ̀n yìí. Lẹ́tà W náà wá láti inú winter, ìyẹn ìgbà òtútù: nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, bí ó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì ṣe ń yára gòkè tó nígbà tí ẹ bá ṣíná ní òwúrọ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ń sọ bí ó ṣe nípọn tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ́ìlì tó bá nípọn ló lágbára. Fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún 0W-20, rírọ 20W-50 sí i kì í ṣe àánú: ó máa ń pẹ́ kí ó tó dókè ní òwúrọ̀, ó sì lè má ráyè gba inú ihò tóóró kọjá bó ṣe yẹ. Bí ìwé yín bá ní àtẹ tó gba nínípọn méjì tàbí mẹ́ta láàyè ní ìbámu pẹ̀lú ojú ọjọ́, ẹ yàn nínú rẹ̀. Bí kò bá sí àtẹ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àmì róbótó tí wọ́n kọ API sí, ìyẹn àjọ epo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣètò ìpele ọ́ìlì. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S wà fún bẹntiróòlù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C wà fún díísù. Lẹ́tà kejì ló ń sọ bó ṣe jẹ́ tuntun tó: SN jáde ní 2010, SP ní 2020, SQ ní 2025. Fún bẹntiróòlù, tuntun lè rọ́pò ti àtijọ́. Ti àtijọ́ ò lè rọ́pò tuntun. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn gálọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ SF tàbí SG sí: API fúnra wọn kìlọ̀ pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988. Ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń béèrè fún ìpele ACEA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Yúróòpù), tàbí nọ́ńbà ìfọwọ́sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà gan-an. Ọkọ̀ díísù tó ní fílítà èéfín gbọ́dọ̀ gba ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fílítà náà á tètè dí. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tún wà tí bẹ́líìtì wọn ń yí nínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ lè jẹ bẹ́líìtì náà títí á fi máa já wẹ́wẹ́ sínú sọ́m̀pù, ìyẹn àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń sọ̀ sí. Ibẹ̀ yẹn ò gba "gbogbo ọ́ìlì ọ̀kan náà ni."

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣe ìṣirò tiyín

Ẹ jẹ́ ká mú awakọ̀ méjì. Èkíní ń rin 60 kìlómítà lójúmọ́ lórí ọ̀nà tó já gaara, ọjọ́ 300 lọ́dún. 18,000 kìlómítà nìyẹn. Bó bá ń lo synthetic, tí ìwé rẹ̀ sì sọ 10,000, bí ìgbà méjì lọ́dún ni yóò pààrọ̀ ọ́ìlì. Kìlómítà ló máa kọ́kọ́ pé fún un.

Èkejì ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ó ń padà, ó tún ń lọ gbé wọn: kìlómítà mẹ́ta ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, 12 lójúmọ́, 3,600 lọ́dún. Bó bá ń dúró de 10,000, yóò tó ọdún mẹ́ta kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Síbẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀ ni omi àti bẹntiróòlù ń kún inú ọ́ìlì rẹ̀ jù, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná tán. Oṣù mẹ́fà ni tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ju 1,800 kìlómítà tó máa ti rìn. Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá gbọ́ èyí. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni kó máa mú ọkọ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ìrìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kò ní dúró-ńlẹ̀ nínú.

Ti sún-kẹẹrẹ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń ka wákàtí kan tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ lójú kan sí nǹkan bí 40 kìlómítà. Bí ẹ bá ń lo wákàtí kan lójúmọ́ lórí ìdúró, ọjọ́ 20 lóṣù, 800 kìlómítà lóṣù nìyẹn tí kò hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Láàárín oṣù mẹ́fà, 4,800. Ẹ fi kún èyí tí táyà rìn.

Àwọn ọkọ̀ kan ń ṣe ìṣirò náà fúnra wọn, wọ́n á máa sọ iye ìdá tó kù fún ọ́ìlì. Ó dáa láti gbọ́ tirẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kì í ṣe ọ́ìlì ni kọ̀ǹpútà náà ń tọ́ wò. Yíyí ẹ́ńjìnnì, ooru rẹ̀ àti iye ìgbà tí ẹ ṣíná ló fi ń ṣírò. Bí ẹ bá rọ ọ́ìlì tí kò dáa sí i, kò ní mọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì láì dá a padà sí 100, á máa ṣi yín lọ́nà.

Ọkọ̀ hybrid, tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀, ní ẹ́ńjìnnì, ó ń fẹ́ ọ́ìlì. Ọkọ̀ tó jẹ́ iná mànàmáná pátápátá ni kò ní ọ̀ràn yìí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ máa fa géèjì yọ

Pípààrọ̀ lásìkò ò tó bí ọ́ìlì bá ń lọ sílẹ̀ láàárín pípààrọ̀ kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì, kì í ṣe pé ọ́ìlì wọn gbó, ó gbẹ ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì àti ṣáájú ìrìn àjò gígùn. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa géèjì (ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì) yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í wọlé dé òpin, ẹ tún fà á yọ, kí ẹ wá wò ó. Àárín àmì méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà, kó súnmọ́ tòkè. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láti àmì ìsàlẹ̀ dé tòkè jẹ́ nǹkan bí lítà kan.

Àwọ̀ dúdú nìkan kò sọ pé ọ́ìlì ti bàjẹ́. Ti díísù máa ń dúdú láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ẹ rọ ọ́. Ohun tó yẹ kó já yín láyà ni ọ́ìlì tó funfun bíi wàrà, torí omi radíétọ̀ lè ti máa wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń rùn bíi bẹntiróòlù. Ìyẹ̀fun irin tó ń dán lórí ìka. Tàbí ọ́ìlì tó ń ga sí i láì jẹ́ pé ẹ rọ kankan sí i. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ fi irú rẹ̀ kún un. Ẹ má kàn pe àfikún yẹn ní sáfíìsì. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ kàn bu tuntun là á ni.

Iná pupa tó ní àwòrán kẹ́tùlù ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ìránnilétí pé ìgbà pípààrọ̀ ti tó. Ohun tó ń sọ ni pé ọ́ìlì ò gòkè mọ́. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. "Ẹ jẹ́ n kàn délé" yẹn ló ti sọ ẹ́ńjìnnì púpọ̀ di irin àlòkù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: pípààrọ̀ rẹ̀ gan-an

Ẹ kó nǹkan jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ọ́ìlì tuntun, fílítà tuntun, wọ́ṣà tuntun fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sọ́m̀pù, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì náà mu, ohun tí ẹ ó fi yọ fílítà, agbada tó lè gba gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ náà, àrọ, àkísà àti ìbọ̀wọ́. Ẹ má fojú di ìbọ̀wọ́: ọ́ìlì àlòkù tó bá ń kan ara lemọ́lemọ́ fún ìgbà pípẹ́ lè fa jẹjẹrẹ awọ ara.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó ṣàn, kó sì gbé ìdọ̀tí dání. Lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo wí, kì í ṣe kó gbóná tó lè bó yín lọ́wọ́. Ẹ pa á. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi pákó há táyà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ní láti fi jáàkì gbé e, ẹ fi ẹsẹ̀ irin tó lágbára gbé e dúró kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì lè yẹ̀ nígbàkígbà, mi ò sì rò pé ọ́ìlì kankan tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ kú.

Ẹ ṣí ìdérí òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ gbé agbada sábẹ́, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó bọ́, ẹ máa tì í mọ́ ojú ihò bí ẹ ti ń tú u, kí ẹ wá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kó má bàa jábọ́ sínú agbada. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ wo orí nọ́ọ̀tì náà: àwọn kan ní mágínẹ́ẹ̀tì lórí, ẹ̀tù irin lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ mọ́ ọn kì í ṣe nǹkan bàbàrà, àmọ́ bí ẹ bá rí ègé irin, ẹ pe mẹkáníìkì.

Fílítà ló kàn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Fílítà tó bá dí kì í dá ọ́ìlì dúró. Ìlẹ̀kùn kékeré kan á ṣí kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbẹ, ọ́ìlì tí a kò sẹ́ á wá máa yí ká. Nígbà tí ẹ bá yọ ti àtijọ́, ẹ rí i dájú pé rọ́bà etí rẹ̀ bá a jáde. Bó bá lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì tí ẹ sì de tuntun lé e, rọ́bà á di méjì, ọ́ìlì á sì tú dà sílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Ẹ fi ìka pa ọ́ìlì tuntun sí rọ́bà fílítà tuntun, ẹ fi ọwọ́ de é títí rọ́bà á fi kan irin, kí ẹ wá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan kún un, tàbí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ara fílítà. Ẹ má fi sípánà de é.

Ẹ fi wọ́ṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó má bàa wọlé ní wíwọ́, kí ẹ wá fi sípánà dè é dé ìwọ̀n tí ìwé sọ. Agbára ọkùnrin ò wúlò níbí. Alumíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ sọ́m̀pù òde òní, bí ojú ihò rẹ̀ bá jẹ, ẹ ti ra wàhálà.

Bí ìwé bá sọ lítà mẹ́rin, ẹ rọ mẹ́ta ààbọ̀ ná. Ẹ dé ìdérí, ẹ ṣíná, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láì tẹ̀ ẹ́. Iná pupa gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹ wo abẹ́ bóyá ó ń jò. Ẹ pa á, ẹ dúró, ẹ fa géèjì yọ, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí á fi súnmọ́ àmì òkè. Ẹ má jẹ́ kó kọjá rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, kiráńṣáàfù (ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) á máa gbá a, á máa hó bí ọṣẹ, ọ́ìlì tó ń hó ò sì lè gbé irin dúró.

Ẹ dá ìṣirò orí dáṣíbọ́ọ̀dù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ déètì, kìlómítà àti orúkọ ọ́ìlì náà síbi tí kò ní sọnù, inú fóònù yín náà dára. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ sínú gálọ́ọ̀nù tó ní ìdérí, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń gba ọ́ìlì àlòkù. Ẹ má dà á sínú gọ́tà tàbí sórí ilẹ̀. EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ pé ọ́ìlì àlòkù tó jáde nínú sáfíìsì ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ba gálọ́ọ̀nù omi mímu mílíọ̀nù kan jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ṣíná, ẹ tẹ̀ ba kí ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì fa géèjì yọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ọ́ìlì sì wà níbi tí ẹ fi í sí lánàá, ẹ lè máa lọ.